Àgbọ̀n Tí Ìyá Àgbà Fi Ọ̀já Dì

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìgàndò. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìyá rẹ̀ ti fi ìborùn dì í lágbọ̀n, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì, ó sì ta á ní kókó sí àtàrí. Mo kọ́kọ́ rò pé eyín ló ń dun ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní rárá, ó ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń yọ síwájú, pé wọ́n ní tí òun bá ń dì í bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, yóò padà sẹ́yìn. Ó ní ẹnì kan ló ní kí òun wá bi mí, torí pé èmi náà ní irú rẹ̀ rí. Mo tú ìborùn náà kúrò lórí ọmọ. Mi ò tiẹ̀ gba àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì ń wò mí bíi pé, kí ló ṣe tíṣà yìí?

Ohun tó ṣe tíṣà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé èyí kì í ṣe àìsàn, pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń dùn ún ló yẹ kó máa kọ ìrírí. Ó dáa, kí ẹni náà kọ tirẹ̀. Èmi tí mo lo ọdún mẹ́tàlá lẹ́nu ọ̀rọ̀ àgbọ̀n, tí mo pàdánù eyín kan, tí ètè ìsàlẹ̀ mi kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí omi tútù títí di òní, ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi.

Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé bàbá bàbá mi. Onílẹ̀ ni wá níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko ṣì pọ̀ lẹ́yìn ilé wa. Èèyàn lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Gowon Estate kó máa já ewébẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí ní agbo ilé. Ìwẹ̀ wọn kì í ṣe ìwẹ̀ ojú lásán. Wọ́n á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi tẹ orí ọmọ kó lè rí rogodo, wọ́n á fa imú, wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ jù sókè títí ìyá ọmọ á fi máa ké. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, èyí kì í ṣe òwe rárá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Kò sí ohun tó ṣe eyín tí mo kọ́kọ́ hù. Ìgbà tí wọ́n bọ́ tán, tí mo jù wọ́n sórí òrùlé bí gbogbo ọmọdé ṣe ń ṣe, tí tuntun sì hù, ni wàhálà dé. Eyín ìsàlẹ̀ wá síwájú ti òkè. Tí mo bá pa ẹnu dé, ti ìsàlẹ̀ ló ń bo ti òkè mọ́lẹ̀, dípò kí ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ bíi ti ọmọ yòókù. Búrẹ́dì ni mo fi mọ̀. Mo gé e, kò gé, àfi kí n fi ọwọ́ fà á ya. Mo gbìyànjú àgbàdo, eyín mi kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà ló máa ń bá mi yín in sínú abọ́. Wọ́n á ní, “Àjíkẹ́, jẹ́ kí eyín rẹ pàdé ná. Lọ́jọ́ tó bá pàdé, èmi gan-an ni n ó yan àgbàdo, ìwọ yóò sì gé e níṣojú mi.”

Ní ilé ìwé, Àgbọ̀ndé ni wọ́n sọ mí. Wọ́n ní àgbọ̀n mi á ti dé kíláàsì kí èmi fúnra mi tó dé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, torí mi ò mọ̀ pé orúkọ náà máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Àgbà ju bó ṣe dùn mí lọ. Wọ́n ní àwọn làwọn wẹ̀ mí, pé ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ò dé àgbọ̀n nígbà tó ṣì rọ̀. Bí wọ́n ṣe mú ọ̀já jáde nínú àpótí nìyẹn. Ọ̀já aláró ni, ọ̀já tí wọ́n fi pọn bàbá mi. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, wọ́n á jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n á gbé ọ̀já gba abẹ́ àgbọ̀n mi, wọ́n á fà á, wọ́n á so ó ní orí. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè yán. Itọ́ á máa dà sí ìrọ̀rí mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀gbẹ́ etí mi méjèèjì á máa ro mí títí di ọ̀sán. Màámi ń rí i, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ tó wẹ gbogbo ọmọ wọn?

Ó ti ń lọ sí ọdún kan kí bàámi tó rí i. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ nígbà náà, wọn kì í sábà wà nílé. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọlé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n bá mi níbi tí mo nà gbalaja sí lórí ẹní pẹ̀lú ọ̀já lágbọ̀n. Igbe tí wọ́n ké kó gbogbo ilé jáde.

“Ìyá, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe yìí? Òkú nìkan ni wọ́n ń dì lágbọ̀n!”

Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ dìde. “Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ẹ́ ni. Ṣé ó pa ẹ́?”

Bàámi tú u, wọ́n jù ú sílẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ẹ̀rù bà wọ́n gidi. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àgbọ̀n mi níṣojú wọn. Ìyá Àgbà ká ọ̀já wọn, wọ́n sì dá a padà sínú àpótí.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tíṣà wa pe màámi, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò já geere mọ́, pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn eyín. Láyé ìgbà náà tí oúnjẹ wọ́n, tí a ń tò fún ìrẹsì àti mílíìkì, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń tò. Ṣùgbọ́n ìtò ilé ìwòsàn tún yàtọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni a jáde ní Ẹ̀gbẹ́dá, a wọ mọ́lúè lọ sí Ọ̀ṣòdì, a tún wọ òmíràn lọ sí Èkó. Bí a ṣe dé, àwọn kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sórí páálí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú ni lọ́tùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú ni lósì. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò mí títí, ó ní, “Ìyá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Kó lọ jókòó sílé jàre, kó fi àyè sílẹ̀ fún àwa tó ń kú lọ.” Ojú ti màámi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la lọ kí a tó fojú kan dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà, kúkúrú, ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n po nǹkan funfun kan tó ki bí ògì, wọ́n fi tẹ̀ mí lẹ́nu, ó gan, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ti fi ẹfun ṣe àwòrán eyín mi, tòkè tìsàlẹ̀, ó gbé e lé màámi lọ́wọ́. Ó ya mí lẹ́nu láti rí ẹnu mi lọ́wọ́ màámi.

“Màmá,” ó ní, “ẹ̀yin onílẹ̀ ni yín, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni màá fi ṣàlàyé fún yín. Ìpìlẹ̀ ilé yìí ló kọjá ààlà. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ gùn ju tòkè lọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ká so wáyà mọ́ eyín. Wáyà á tẹ eyín ìsàlẹ̀ wọnú, á na tòkè síta, títí wọ́n á fi pàdé. Ṣùgbọ́n ògiri la tẹ̀ o, a ò ṣí ìpìlẹ̀ nípò. Eyín ò ní dúró ṣánṣán mọ́.”

“Ìkejì ńkọ́?”

“Ìkejì ni pé ká dúró kó dàgbà tán. Nígbà yẹn, a ó kọ́kọ́ fi wáyà gbé eyín dúró ṣánṣán lórí egungun. Ojú rẹ̀ á tún burú ju báyìí lọ fúngbà díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé egungun àgbọ̀n, wọ́n á tì í sẹ́yìn.”

Màámi gbé ẹfun náà yí lọ́wọ́. “Ká ní ọmọ yín ni, dókítà?”

“Màá dúró. Mi ò mọ ibi tí egungun yìí máa dàgbà dé. Tí a bá tẹ eyín nísinsìnyí, tí egungun sì tún ń lọ…” Kò parí rẹ̀, ó kàn mi orí.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí pálọ̀ wa. Àbúrò bàámi ní òun mọ ọkùnrin kan ní Ìkòtún tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí ìpá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ayálégbé wa kan, ọmọ Èkìtì, onígbàgbọ́ tó ń gbàwẹ̀ ju àwa mùsùlùmí lọ, gbé òróró wá, ó ní kí wọ́n máa fi pa mí lágbọ̀n pẹ̀lú àdúrà. Màámi gbà á, wọ́n sì ń fi pa mí. Ẹlòmíràn ní òrí ni. Nígbà tó kan Ìyá Àgbà, wọ́n ní, “Wọn ò ní fi ayùn rẹ́ egungun ọmọ mi bí ẹni rẹ́ pákó. Wáyà ò lẹ́jẹ̀ nínú. Ẹ fún un ní wáyà.” Bàámi ní, “Wáyà ni.” Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnì kankan ò bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ká ní wọ́n bi mí, wáyà lèmi náà máa mú. Mi ò lè fojú inú wo ọdún márùn-ún míràn tí wọ́n á fi máa pè mí ní Àgbọ̀ndé.

Bàámi ta ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan ní Ìgàndò, wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wáyà náà gbà. Lóṣooṣù là ń lọ sí Èkó kí wọ́n lè fún un le sí i. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bá fún un, mi ò ní lè jẹ ìrẹsì, àfi ẹ̀kọ. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi di egbò lọ títí. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù náà ni mò ń rí i nínú dígí pé eyín ìsàlẹ̀ ń wọlé, tòkè ń jáde bọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pàdé. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ wáyà, dókítà ní kí n rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín tó mi.

Ìyá Àgbà ò gbàgbé àdéhùn wọn. Nígbà tí àgbàdo tuntun dé, wọ́n dá iná sẹ́yìn ilé, wọ́n yan án fúnra wọn, wọ́n pe gbogbo agbo ilé. “Ó yá, Àjíkẹ́. Gé e ká rí i.” Mo gé e. Ó gé! Wọ́n pariwo Alláhù Akbar, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Mo yí àgbàdo náà láti gé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ mi ń ro mí bíi pé wọ́n fẹ́ fà á yọ. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, ayọ̀ kún un bámúbámú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀jẹ̀ náà, mo sì jẹ àgbàdo tán.

Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mi ò lè dì í ru ẹnikẹ́ni. Mo fi ohun tó ń ṣe mí pamọ́ fún ọdún méjì. Mo rí i pé àgbọ̀n mi tún ti ń lọ síwájú, mo ń bá ara mi sọ pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Mo rí i pé ẹran ìdí eyín mi ń sálọ sísàlẹ̀, pé eyín ń gùn sí i. Mo rí i pé tí mo bá fi ahọ́n kan èyí tó wà láàárín, ó ń mì. Mo pa ẹnu mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n tà, òfo ni?

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, èmi àti màámi ń jẹ iṣu lọ́wọ́, màámi fi iṣu ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ya ẹnu. Wọ́n fi ìka kan eyín náà, ó mì. Wọn ò bú mi, ẹkún ni wọ́n ń sun. A padà sí ìdí ìtò.

Dókítà ti hu ewú díẹ̀. Ó fi dígí kékeré hàn mí. Àwọn eyín iwájú mi nísàlẹ̀ ti dùbúlẹ̀ sínú, gbòǹgbò wọn sì ń yọ síta lára ẹran níwájú. Ó ní egungun ò dúró, ó ti tún lọ, eyín ò sì rí ibi tẹ̀ sí mọ́. Ó ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn yòókù, tí a bá fẹ́ kí wọ́n kù, a ní láti fi wáyà gbé wọn dúró padà, ká wá gé egungun. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí wáyà àkọ́kọ́ ṣe, wáyà kejì á tú u. Mo bi í pé tí mi ò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́. Ó ní, “Kí o tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, o ò ní ní eyín iwájú kankan nísàlẹ̀.”

Wọ́n yọ ọ̀kan náà. Wọ́n ṣọ́ mi fún ọdún kan kí ó lè dá wọn lójú pé egungun ti dúró, kí wọ́n tó so wáyà. Bí eyín ṣe ń nàró ni ojú mi ń burú. Àgbọ̀n mi wá yọ ju ti ìgbà ọmọdé lọ. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo wà nígbà yẹn. Wọ́n rán mi lọ kọ́ni ní ilé ìwé kan ní Ìkòtún, mo dúró níwájú kíláàsì, ọmọ kan nàró, ó yọ àgbọ̀n tirẹ̀ síta bíi tèmi. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí pátákó, mo ń kọ ohun tí èmi gan-an ò lè kà.

Iṣẹ́ abẹ súnmọ́lé. Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ìwòsàn ní dandan ni kí àgbà kan nínú ẹbí fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Bàámi kọ̀. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ̀. Dókítà ti ṣàlàyé pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi wáyà so eyín òkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí egungun lè jinná. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ bàámi lójú.

“Mo ti sọ ọ́ látijọ́,” ni wọ́n wí. “Òkú nìkan ni wọ́n ń dì lágbọ̀n. Ọwọ́ tèmi kọ́ ni wọn ó fi di ọmọ mi.”

Ọjọ́ tó yẹ kí a dá fọ́ọ̀mù padà, Ìyá Àgbà wọ aṣọ, wọ́n ní àwọn ń bá wa lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n dé Èkó kẹ́yìn. Wọ́n bá wa to ìtò, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde fún wọn. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì bèèrè ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Ìyá Àgbà na ọwọ́ ọ̀tún.

Màámi ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n má gé e.”

“Ṣebí ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Nọ́ọ̀sì, gbé tàdáwà yẹn wá.”

Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú mọ́lúè tí a wọ̀ padà, wọn ò nu ọwọ́ náà. Wọ́n gbé e lé orí itan mi, wọ́n ní, “Àjíkẹ́, má bínú.” Mo ní mi ò bínú. Mo ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí wọn nìkan.

Mi ò lè sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ abẹ náà, mo sùn. Ìgbà tí mo jí ni mo mọ̀. Ojú mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí màámi fi kọjá ibùsùn mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá mi mọ̀. Eyín mi wà ní síso pọ̀ pinpin. Wọ́n fi okùn so ẹ̀mú kékeré kan mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní tí èébì bá gbé mi, kí n yára fi gé wáyà, kí èébì má bàa pa mí. Wọ́n ní tí mo bá gé e láìjẹ́ èébì, egungun á yẹ̀, gbogbo làálàá á sì di asán.

Nílé, Ìyá Àgbà ló gba oúnjẹ mi ṣe. Wọ́n á sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè kọjá nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mu mínírà. Wọ́n á ní, “Mo ti fún ẹ lógì lẹ́ẹ̀kan láyé, mi ò mọ̀ pé ó tún ku ẹ̀ẹ̀kejì.” Àwọn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rọ́nà jáde. A ò mọ̀ pé àyà ti ń dùn wọ́n, pé ikọ́ ń bá wọn jà. Wọ́n ń fi ikọ́ náà pamọ́ sínú ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ojú kúrò lára tèmi. Ẹ wò ó, ìran wa mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọn ò lè dìde mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lọ́sàn-án. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, màámi sáré lọ ra oògùn. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

“Àjíkẹ́.”

Mo fi imú dá wọn lóhùn.

“Ṣé wọ́n ti ti Jímọ̀ dé?”

Mo mi orí pé rárá. Èémí wọn ti ń já. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Kà á sí mi létí.”

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Nílé wa, tí ẹnì kan bá ń lọ, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò ka kálímà sí i létí, kó lè jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu rẹ̀. Èmi nìkan ló wà nítòsí, ẹnu mi sì wà ní síso. Mo di ẹ̀mú ọrùn mi mú. Mo ti gbé e dé ẹnu. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, wọ́n rọra tì í sísàlẹ̀.

“Má gé e.”

Mo tẹ̀ ba, mo gbé ẹnu sí etí wọn, mo sì sọ ọ́ láàárín eyín. Lá iláha illalláhu. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ahọ́n nìkan ló ń sọ gbólóhùn náà, pé kò béèrè pé kí eyín là. Mo ń sọ ọ́, ètè wọn ń tẹ̀ lé mi. Mo tún ń sọ ọ́ lọ nígbà tí ètè náà dúró.

Nígbà tí màámi dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè lẹ́yìn ẹkún ni aṣọ tí a máa fi di àgbọ̀n òkú kó tó gan. Mo lọ sídìí àpótí, mo mú ọ̀já aláró náà wá. Màámi wò mí. Mo bá wọn gbé orí Ìyá Àgbà sókè, wọ́n sì so ó. Bàámi ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo èmi. Àwa méjèèjì la wà ní dídì lágbọ̀n nínú yàrá náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí ni.” Mi ò lè ké. Ẹ̀dùn tí kò rí ẹnu gbà jáde, kò tíì tán lára mi.

Ó ti pé ọdún méje báyìí. Egungun mi jinná. Eyín mi pàdé, wọ́n sì dúró ṣánṣán, àyàfi àlàfo ọ̀kan tó lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi já geere. Àmọ́ ètè ìsàlẹ̀ mi àti àgbọ̀n kú láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì jí mọ́. Ọbẹ̀ á wà níbẹ̀, mi ò ní mọ̀, àfi kí ọmọ kíláàsì kan sọ pé, “Àńtí, ẹ nu àgbọ̀n yín.” Tí ọyẹ́ bá dé, egungun náà á máa ro mí. Nínú dígí, mo rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kàn máa ń wo ara mi bí àlejò ni.

Ohun tí mo sọ fún obìnrin Ìgàndò náà ni mo sọ fún ẹ̀yin náà. Ọ̀já ò ti egungun sẹ́yìn, òróró ò tì í. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní kùtùkùtù, ẹ má sì bínú sí ìtò. Mi ò bú wáyà. Dókítà ní àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn ò pọ̀, tí wáyà nìkan tó fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá egungun ti dàgbà tán. Ẹ bèèrè bí eyín á ṣe tẹ̀ tó, àti ohun tó máa gbé e ró tó bá tẹ̀ tán. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró, bí orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ yín tilẹ̀ ń dùn yín. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, tí o bá rí ẹ̀jẹ̀, má fi ọwọ́ bò ó. Obìnrin náà bi mí bóyá iṣẹ́ abẹ ń dunni. Mo ní ó ń dunni. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó fi sínú báàgì.

Lọ́dún tí wọ́n tú wáyà ẹnu mi, nígbà tí òjò dé tí àgbàdo tuntun jáde, mo dá iná sí ìdí ààrò Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilé, mo yan ọ̀kan. Mo gé e. Ó gé wẹ́rẹ́. Mo yí i wò, mo wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ títí, kò sí. Mo ti gbé e sókè, mo ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn láti fi hàn wọ́n, kí n tó rántí.